Kọ̀ǹpútà Tuntun Tó Ń Jẹ́ Lónìí, Tó Ń Dákẹ́ Lọ́la

Àwọn tó ń wá sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́ wa ní Ìgàngàn lọ́dún tó kọjá á rántí pé àlejò kan dé bá wa tó dá wàhálà sílẹ̀. Àlejò náà kì í ṣe ènìyàn, kọ̀ǹpútà ni. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti bi wá léèrè pé, kí ló ṣe é gan-an? Ta ló jẹ̀bi? A ṣèlérí nínú ìpàdé pé a ó kọ ọ́ síbí yìí, kí gbogbo wa lè kà á. Ìlérí ọ̀hún la fẹ́ mú ṣẹ lónìí.

ỌJỌ́ TÍ ÌYÁ KAN JÓKÒÓ TÍTÍ

Ọjọ́ Ajé kan ni. Ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó fẹ́ jókòó ní agogo mẹ́wàá. Ìyá kan lára wa, tó ń ta gàrí àti ẹ̀gúsí, ti dé láti agogo mẹ́jọ. Ó ti bá àwọn àgbẹ̀ sọ̀rọ̀ ẹ̀gúsí, ó ti bá awakọ̀ tó ń lọ sí Ìbàdàn ṣe àdéhùn. Onídùúró rẹ̀ méjèèjì jókòó tì í. Ohun kan ṣoṣo ló kù: kí akọ̀wé kékeré wa tan kọ̀ǹpútà, kí ó wo iye tí ìyá náà ti fi pamọ́, kí ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé fún ìgbìmọ̀.

Ọmọbìnrin náà tẹ bọ́tìnì. Fáànù inú rẹ̀ yí fìrì, ó dákẹ́. Ó tún un tẹ̀. Fìrì, ó tún dákẹ́. Ó yọ wáyà, ó kì í padà, ó gbàdúrà. Kò jẹ́. Agogo mẹ́wàá kọjá, mọ́kànlá kọjá. Nígbà tó di agogo méjìlá, ìyá náà wo gbogbo wa lójú, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, nígbà tí ẹ ń fi bírò kọ ọ́, mi ò rí ọjọ́ tí bírò sọ pé òun ò jí."

Kò sẹ́ni tó lè dá a lóhùn. Páàsìbúùkù ọwọ́ rẹ̀ ló gbà á sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ fi páàsìbúùkù náà wé lẹ́jà àtijọ́, wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn onídùúró, wọ́n sì yá a lówó ní nǹkan bí agogo méjì. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ Ìbàdàn ti lọ. Ọjọ́ kejì tí yóò fi tún wá ọkọ̀ mìíràn, àwọn kan ti ra èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀gúsí tó fojú sí. Ohun tí ìdúró ọjọ́ yẹn ná an, kò sí nínú ìwé ìṣirò wa kankan, ṣùgbọ́n gbèsè ni.

Ohun tó wá mú ọ̀rọ̀ náà le ni pé, nígbà tó di agogo mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ kan náà, tí gbogbo ènìyàn ti túká, ọmọbìnrin yẹn kàn tẹ bọ́tìnì bí ẹni ṣeré, ni kọ̀ǹpútà bá tàn. Ó ń dán gbinrin, bí ẹni pé kò ṣẹ ẹnikẹ́ni rí.

BÍ A ṢE NÍ IN

Ẹ jẹ́ kí á sọ bí ó ṣe dé ọwọ́ wa. Nígbà tí ìpàdé gbogbogbòò fọwọ́ sí i pé kí á ra kọ̀ǹpútà, owó èyí tí wọ́n tò délẹ̀ láti ilé iṣẹ́ ga ju agbára wa lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mọ iṣẹ́ náà ní òun lè bá wa tò ó. Ó ra àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀, òmíràn tuntun, òmíràn tòkunbọ̀, àwọn kan láti Ìbàdàn, àwọn kan láti Computer Village ní Ìkẹjà, ọjà ńlá tó wà ní àyíká òpópónà Ọ̀tìgbà. Ó tò wọ́n pọ̀ sínú àpótí irin kan, ó sì gbé e wá.

Kò sí ohun ìtìjú nínú kọ̀ǹpútà tí a tò. Láti 1981 tí ilé iṣẹ́ IBM ti gbé kọ̀ǹpútà orí tábìlì tirẹ̀ jáde ni ó ti di pé ẹ̀yà ara tí ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣe lè bá ara wọn mu. Àwọn tí ilé iṣẹ́ Nàìjíríà bíi Zinox àti Omatek fi orúkọ ara wọn tà, títò náà ni wọ́n tò wọ́n. Nítorí náà, kì í ṣe pé a tò ó ló burú. Ohun tó yẹ ká béèrè ni bóyá a tò ó dáadáa.

Ọ̀RỌ̀ BẸ̀RẸ̀ SÍ Í RÙN

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ẹ̀rọ tó bá kú pátápátá kì í dá ìjà sílẹ̀. Gbogbo ayé ló rí i pé ó kú, a ó sì wá ẹni tí yóò tún un ṣe. Èyí tó ń jẹ́ lónìí, tó ń dákẹ́ lọ́la, ló ń da ilé rú. Nígbà tí ẹni tó fẹ́ tún un ṣe bá dé, yóò tàn. Nígbà tó bá lọ tán, yóò kọ̀. Ta ni kò ní rò pé ènìyàn ló wà nídìí rẹ̀?

Òórùn ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Àwọn kan ní ọmọbìnrin tó ń tẹ̀ ẹ́ ló ń bà á jẹ́, nítorí pé kò fẹ́ kí wọ́n rí ìṣirò owó. Àwọn kan ní ọ̀dọ́mọkùnrin tó tò ó ti kó ẹ̀yà tó ti kú sínú rẹ̀, ó sì ti jẹ owó ẹgbẹ́. Ìgbìmọ̀ dá ìyókù owó iṣẹ́ rẹ̀ dúró. Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ níbí yìí: èmi tí mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí wà lára àwọn tó fura. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan owó, ìfura ló máa ń kọ́kọ́ sáré jáde, òtítọ́ á ṣì máa wá bàtà tí yóò wọ̀.

KÍ LÓ Ń ṢẸLẸ̀ NÍGBÀ TÍ A BÁ TẸ BỌ́TÌNÌ?

Kí á tó lè mọ ìdí tí nǹkan fi kọ̀, ó yẹ kí á mọ bó ṣe ń jẹ́. Ọ̀pọ̀ wa rò pé bọ́tìnì kọ̀ǹpútà dà bíi súìṣì gílóòbù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti 1995 tí ìlànà tí wọ́n ń pè ní ATX ti dé, bọ́tìnì kàn ń ránṣẹ́ ni. Ó ń sọ fún pátákó ńlá inú rẹ̀, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní mọ́dàbọ́ọ̀dù, pé, "Olówó dé, ẹ dìde." Pátákó náà á wá ké sí àpótí iná, èyí tí wọ́n ń pè ní páwà-pààkì. Páwà-pààkì yìí ló ń gba iná 230 fólítì tó ti ara ògiri wá, tó ń sọ ọ́ di iná kékeré: fólítì 12, fólítì 5, àti fólítì 3.3.

Nígbà tí àwọn iná wọ̀nyí bá dúró déédéé, páwà-pààkì á ránṣẹ́ padà pé, "Iná ti pé o." Ìgbà náà ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà á jí, tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ọmọ ilé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: RAM tó fi ń rántí ohun tó ń ṣe lọ́wọ́, ojú tó ń fi àwòrán hàn, àti kíbọọ̀dù. Bí ẹnì kan kò bá jẹ́ ìpè, òmíràn á dún pííì, pííì, láti sọ ẹni tí kò sí nílé. Gbogbo èyí kò tó ìṣẹ́jú kan.

Nítorí náà, "kò tàn" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ọ̀nà mẹ́ta ló pín sí. Ó lè dákẹ́ pátápátá, bí òkú. Fáànù lè yí díẹ̀, kí ó sì kú. Ó sì lè jẹ́ pé fáànù ń yí lọ láìdúró, ṣùgbọ́n kò sí àwòrán lójú rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń tọ́ka sí ibi ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá kàn sọ fún oníṣẹ́ pé "kò tàn" dà bí aláìsàn tó sọ fún dókítà pé "ara mi kò yá," tó sì panu mọ́. Tiwa, ọ̀nà kejì ló ń gbà: fìrì, ó kú.

ÌWÒSÀN MẸ́TA TÍ KÌ Í ṢE ÌWÒSÀN

Àkọ́kọ́, a ní NEPA ni. NEPA la ṣì ń pè wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ yẹn ti lọ láti 2005. Gbogbo wa la mọ bí iná wa ṣe ń rẹlẹ̀ lálẹ́, tó sì ń dé tagbára-tagbára. A ra sítébiláísà. Odindi ọ̀sẹ̀ kan, kọ̀ǹpútà kò kọ̀ rárá. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, a fọwọ́ sí ìwé owó sítébiláísà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó kọ̀.

Ẹ̀ẹ̀kejì, a ní páwà-pààkì ni. Olùkọ́ kan yá wa ní tirẹ̀. Wọ́n tú àpótí, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ó tàn fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọjọ́ karùn-ún, fìrì, ó kú.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹnì kan ní RAM ni kò jókòó dáadáa. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi aṣọ gbígbẹ nù ún, wọ́n tẹ̀ ẹ́ padà títí ó fi dún kó. Ó tàn. Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tó tún fi kọ̀.

Ẹ wo bí ó ṣe ń tan ènìyàn jẹ! Ohunkóhun tí a bá ṣe, ó dà bíi pé ó wò ó sàn. Bí aláìsàn ibà tó ń wá tó ń lọ bá mu omi agbo lọ́jọ́ tí ibà náà fẹ́ lọ fúnra rẹ̀, yóò yin agbo. Ẹ̀rọ tó sàn láìjẹ́ pé a mọ ohun tó ṣe é, kò tíì sàn. Ó kàn sinmi ni.

Alága wa ló wá sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé ìgbìmọ̀. Ó ní, "A ti ń ná owó lórí àbá. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kì í fi àbá ṣírò owó. Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ sílẹ̀ bí a ṣe ń kọ ẹ̀yáwó sílẹ̀."

ÌWÉ KÉKERÉ KAN

A ra ìwé ọmọ iléèwé kan, a fi okùn so bírò mọ́ ọn, a gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà. Àṣẹ tí a pa ni pé, gbogbo ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá tẹ bọ́tìnì, bó jẹ́ o, bó kọ̀ o, kí ó kọ nǹkan márùn-ún sílẹ̀: ọjọ́ àti aago, iná tí a ń lò, NEPA tàbí jẹnẹrétọ̀, ohun tí a ṣe lára kọ̀ǹpútà gbẹ̀yìn kí a tó pa á, irú kíkọ̀ tó kọ̀, àti ohun tí a ṣe kó tó tàn. A sì tún pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe pààrọ̀ ohunkóhun fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Àwọn kan fi wá rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àṣà àtijọ́ ni láàárín àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹsàn-án ọdún 1947, ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, kọ̀ǹpútà ńlá kan tó ń jẹ́ Mark II ń ṣe ségesège. Nígbà tí wọ́n wo inú rẹ̀, labalábá òru kan ló há sáàárín ibi tí irin méjì ti ń pàdé. Àwọn oníṣẹ́ náà yọ kòkòrò ọ̀hún, wọ́n fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìwé àkọsílẹ̀ wọn, wọ́n sì kọ aago sí i. Ìwé náà ṣì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Amẹ́ríkà títí dòní, tòun ti kòkòrò inú rẹ̀. Ohun tó wu mí nínú ìtàn yìí ni pé wọ́n ti ní ìwé nílẹ̀ kí wọ́n tó rí kòkòrò.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, a jókòó yí tábìlì ká, a ka ìwé wa. Ìgbà 41 la tẹ bọ́tìnì. Ìgbà 9 ló kọ̀. Nínú 9 yìí, 5 jẹ́ orí iná NEPA, 4 jẹ́ orí jẹnẹrétọ̀. A jẹ́ pé kì í ṣe NEPA. Ìgbà 6 jẹ́ àárọ̀, 3 jẹ́ ọ̀sán. A jẹ́ pé kì í ṣe òtútù àárọ̀ nìkan. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí lórí ọwọ́ ẹnì kan: ó kọ̀ fún ọmọbìnrin wa, ó kọ̀ fún akápò, ó kọ̀ fún èmi gan-an.

Akápò ló kọ́kọ́ rí i. Ó fi ìka tọ́ ìlà kẹta, èyí tí a ń kọ ohun tí a ṣe gbẹ̀yìn sí. "Ẹ wò ó," ó ní, "ẹ̀rọ ìtẹ̀wé."

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan ṣoṣo la ní. Lọ́jọ́ tí a bá ń gba owó ní gbọ̀ngàn ìpàdé, a máa ń yọ wáyà rẹ̀ lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, a ó gbé e lọ síbẹ̀, a ó sì gbé e padà, a ó tún ki wáyà bọ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà, ìgbà 11 ló jáde tó padà. Ìgbà 8 nínú 11 yìí ni kọ̀ǹpútà kọ̀ nígbà tí a kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn tí a ki wáyà náà padà. Nínú ìgbà 30 yòókù, ẹ̀ẹ̀kan péré ló kọ̀, ọjọ́ náà sì ni wọ́n sún tábìlì láti gbálẹ̀.

Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yé wa. Ọ̀sẹ̀ tí sítébiláísà "ṣiṣẹ́," ọ̀sẹ̀ Iléyá ni. A kò gba owó, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò kúrò lójú kan. Ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú Ọjọ́ Ajé tí ìyá wa jókòó títí, gbọ̀ngàn ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà. Àti páwà-pààkì, àti RAM, kì í ṣe pé a pààrọ̀ wọn ló mú kí ó tàn. Ọwọ́ tí a tì bọ inú rẹ̀ ló gbọn ohun kan kúrò níbi tó ti kan ohun kan.

SÒBÌYÀ ÌDÈRÈ

Àwọn àgbàlagbà ilẹ̀ Ìbàràpá á rántí nǹkan kan tó jọ èyí. Ní Ìdèrè àti àwọn abúlé wa, sòbìyà dá ọ̀pọ̀ ènìyàn dùbúlẹ̀ ní ìgbà kan, tí àgbẹ̀ kò lè lọ sóko lásìkò iṣẹ́. Ohun tó mú àrùn náà ṣòro láti mọ̀ ni pé, ẹni tó bá mu omi tó ní kòkòrò rẹ̀ lónìí, yóò tó nǹkan bí ọdún kan kí sòbìyà tó yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ta ló fẹ́ rántí omi èṣí? Àwọn kan ní inú ẹ̀jẹ̀ ló ti wá, àwọn kan ní ọwọ́ ayé ni. Kíka àwọn tó ní in ní abúlé dé abúlé, kíkọ ọ́ sílẹ̀, àti fífi aṣọ sẹ́ omi mímu, wà lára ohun tó ṣẹ́gun rẹ̀. 2008 ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn tó ní in ní Nàìjíríà, nígbà tó sì di 2013, àjọ ìlera àgbáyé jẹ́rìí sí i pé ó ti tán nílẹ̀ wa.

Bí tiwa náà ṣe rí nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kékeré ni. Alẹ́ àná ni a ki wáyà bọ̀ ọ́, àárọ̀ òní ló kọ̀. Ẹni tó tẹ bọ́tìnì lówùúrọ̀ ló ń jẹ èébú ohun tí ẹlòmíràn ṣe lálẹ́. Bí ohun tó fa ìyà bá jìnnà sí ìyà, ìwé nìkan ló lè so wọ́n pọ̀.

OHUN TÓ WÀ LÁBẸ́ PÁTÁKÓ

A kò tíì sáré pe ẹnikẹ́ni. A kọ́kọ́ dán an wò. Fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, a kò so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́ kọ̀ǹpútà rárá. Kò kọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, a mọ̀ọ́mọ̀ ki wáyà náà bọ̀ ọ́ pẹ̀lú agbára, bí a ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Nígbà kìíní, ó tàn. A yọ ọ́, a tún un kì. Fìrì, ó kú! Ẹ ò rí i pé inú wa dùn nígbà tó kọ̀. Àṣé ó lọ́jọ́ tí ènìyàn máa ń yọ̀ pé ẹ̀rọ òun bàjẹ́.

Ìgbà yìí la ránṣẹ́ sí ọ̀dọ́mọkùnrin tó tò ó. A kò pè é láti bá a jà. A fún un ní ìwé náà kí ó kà á. Ó kà á tán, ó mí kanlẹ̀, ó ní kí á jọ̀wọ́ jẹ́ kí òun yọ mọ́dàbọ́ọ̀dù jáde pátápátá.

Nínú àpótí kọ̀ǹpútà, pátákó ńlá yìí kò gbọ́dọ̀ fara kan irin àpótí. Orí àwọn ẹsẹ̀ idẹ kéékèèké ló ń dúró sí, bí àká tó dúró lórí òpó. Ibi tí ihò bá wà lára pátákó nìkan ni ẹsẹ̀ idẹ gbọ́dọ̀ wà. Ṣùgbọ́n àpótí kan náà lè gba pátákó oríṣiríṣi: èyí tó tóbi, tó jẹ́ mìlímítà 305 sí 244, àti èyí tó kéré, tó jẹ́ mìlímítà 244 sí 244. Ihò ẹsẹ̀ wọn kò bára mu tán. Àpótí tiwa ti gbé pátákó ńlá rí. Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbé kékeré sínú rẹ̀, ó gbàgbé ẹsẹ̀ idẹ kan síbi tí pátákó tuntun kò ti ní ihò.

Ẹsẹ̀ yẹn ló wà lábẹ́ pátákó, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ibi tí iná ń gbà kọjá, ṣùgbọ́n tí kò kàn án tán. Bí a bá ki wáyà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé pẹ̀lú agbára, pátákó á tẹ̀ díẹ̀, yóò sì kan idẹ. Bí a bá wá tẹ bọ́tìnì, páwà-pààkì á rí i pé iná ń gba ibi tí kò yẹ lọ, á sì pa ara rẹ̀ kí ohun gbogbo má baà jó. Ìdí nìyẹn tí fáànù fi ń yí fìrì tó ń kú. Ẹ̀rọ tí a ń bú pé ó ya ọ̀lẹ, ara rẹ̀ ló ń gbà là. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà yí ìdí pátákó sókè, ó fi àmì dúdú kékeré kan hàn wá, tí kò tó hóró ọkà bàbà. Ó tú ẹsẹ̀ idẹ náà kúrò, ó fi lé mi lọ́wọ́. Kò ju ìka ọwọ́ ìkókó lọ.

Láti ọjọ́ náà títí di ìgbà tí mò ń kọ èyí, kọ̀ǹpútà kò kọ̀ mọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbà pé àṣìṣe òun ni, ó sì tọrọ àforíjì, kò gba owó iṣẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìgbìmọ̀ san ìyókù owó rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ wa fún un. Wọ́n sì bẹ ọmọbìnrin akọ̀wé wa níwájú ìpàdé, nítorí pé níwájú ènìyàn ni wọ́n ti fura sí i. Àṣìṣe yàtọ̀ sí olè. Ẹni tó bá kó méjèèjì sínú àpò kan yóò lé àwọn oníṣẹ́ rere lọ.

FÚN ẸNI TÓ NÍ TIRẸ̀ NÍLÉ TÀBÍ NÍ ṢỌ́Ọ̀BÙ

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé, àti àwọn tí ọmọ wọn ní kọ̀ǹpútà, ní kí á kọ ohun tí àwọn lè ṣe. Èyí ni díẹ̀:

1. Bí ó bá dákẹ́ bí òkú, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó rọrùn jù: sọ́kẹ́ẹ̀tì, fíúsì inú pílọ́ọ̀gì, wáyà tó wọ ẹ̀yìn rẹ̀, àti súìṣì kékeré tó wà lẹ́yìn páwà-pààkì. Ọ̀pọ̀ ló ti gbé kọ̀ǹpútà lọ sí Ìbàdàn nítorí fíúsì.

2. Bí fáànù bá yí díẹ̀ tó kú, ẹ má ṣe máa tẹ̀ ẹ́ ní àtẹ̀túntẹ̀. Ó lè jẹ́ pé iná ń kan ibi tí kò yẹ, ó sì lè jẹ́ pé páwà-pààkì kò lágbára mọ́. Ẹni tó mọ mítà lò lè wọn ọ́n: iná 12 gbọ́dọ̀ wà láàárín 11.4 sí 12.6, iná 5 láàárín 4.75 sí 5.25.

3. Bí fáànù bá ń yí tí kò sí àwòrán, tàbí tó ń dún pííì, ẹ wo RAM àti wáyà ojú rẹ̀. Ẹ ka iye ìgbà tó dún, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún oníṣẹ́.

4. Bí aago àti ọjọ́ bá ń padà sẹ́yìn nígbàkúùgbà tí ẹ bá tàn án, bátìrì pẹlẹbẹ tó dà bí owó ẹyọ, CR2032, ló ti rẹ̀. Kò wọ́n.

5. Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ wo àwọn àgọ́ọ̀ kéékèèké orí pátákó bóyá orí wọn ti wú. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ṣe láàárín nǹkan bí 1999 sí 2007 ló ní àrùn yìí. Orí tó wú kì í padà.

6. Ní àsìkò ọyẹ́, ara wa máa ń kó iná tí a kò rí. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú rẹ̀, ẹ yọ wáyà lára ògiri, ẹ tẹ bọ́tìnì mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí iná tó kù lè jáde, ẹ sì fọwọ́ kan irin àpótí. Ọyẹ́ kan náà ló ń kó eruku wọlé, ọmọńlé àti èèrà sì fẹ́ràn ibi tó móoru.

7. Ẹ má ṣe tú páwà-pààkì fúnra rẹ̀ láéláé. Iná máa ń wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ wáyà, ó sì lè pa ènìyàn.

8. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá pààrọ̀ mẹ́ta pọ̀ tó sì tàn, ẹ ò ní mọ èyí tó ṣe é, ẹ ó sì ti san owó mẹ́ta.

OWÓ LA Ń TỌ́JÚ, KÌ Í ṢE Ẹ̀RỌ

Láti 1935 tí òfin àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti dé Nàìjíríà, ìwé ni ẹgbẹ́ wa fi ń dúró. Owó ọlọ́wọ́ ló wà lọ́wọ́ wa, àkọsílẹ̀ sì ni ẹ̀rí. Kọ̀ǹpútà kò pa òfin yẹn rẹ́. Ó kàn fún ìwé ní ilé tuntun ni. Bí ilẹ̀kùn ilé bá ti pa mọ́ wa, ṣé ó yẹ kí gbogbo ìwé wa wà nínú rẹ̀?

Nítorí náà, ìgbìmọ̀ ti pinnu nǹkan mẹ́ta. Ìkínní, gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni wọn yóò máa ṣe ẹ̀dà ìṣirò sórí fúláàṣì méjì. Ọ̀kan lọ́wọ́ akápò, ọ̀kan lọ́wọ́ alága, tí kì í ṣe inú ilé kan náà. Ìkejì, a ó máa tẹ ìwé owó ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan jáde lópin oṣù, a ó fi sínú fáìlì, kí ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó má baà jókòó de ẹ̀rọ kankan mọ́. Ìkẹta, ìwé kékeré yẹn kò ní kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà.

Ẹ̀yin náà ní iṣẹ́ tiyín. Ẹ má ṣe fi páàsìbúùkù yín sílẹ̀ sí ọ́fíìsì. Ẹ máa mú un wá nígbàkúùgbà tí ẹ bá san owó, ẹ rí i pé wọ́n kọ ọ́, wọ́n sì fọwọ́ sí i kí ẹ tó dìde. Ìyá tó jókòó títí lọ́jọ́ yẹn, páàsìbúùkù rẹ̀ ló jẹ́rìí fún un nígbà tí kọ̀ǹpútà dákẹ́.

Ìyá náà sì ti padà wá o. Lóṣù tó kọjá, ó wá san ìkẹyìn ẹ̀yáwó rẹ̀. Ọmọbìnrin wa tẹ bọ́tìnì, kọ̀ǹpútà tàn, ìwé rẹ̀ jáde. Ó gbà á, ó kà á, ó fi wé páàsìbúùkù rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó bá mu. Ó ní, "Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ bírò yẹn nù o."

A kò ní sọ ọ́ nù, Ìyá. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ìwé tí gbogbo wa jọ kọ ló gbà wá.